Abẹ́rẹ́ Wọ Kíláàsì, Èdè Jáde

Ohun méjì ni ìjọba àpapọ̀ ṣe ní Abuja ní ọdún 2025 tí ó yẹ kí gbogbo ẹni tí ń kọ́ iṣẹ́ olùkọ́ gbé lé orí ìwọ̀n kan náà. Ìkínní ni títún ìlànà ẹ̀kọ́ ilé-ìwé girama tò. Ní ọdún 2011, iṣẹ́ ọwọ́ 34 ni wọ́n là sílẹ̀ pé kí akẹ́kọ̀ọ́ mú nínú wọn. Ní ọdún 2025 wọ́n dín in kù sí 6. Nínú mẹ́fà yìí, ti ọ̀ṣọ́ jẹ́ méjì: aṣọ yíyà òun rírán, àti ìtọ́jú ara òun ẹwà. Wọ́n wá jókòó ti iná oòrùn, ẹran ọ̀sìn, ọ̀gbìn, àti títún kọ̀ǹpútà òun fóònù ṣe. Abẹ́rẹ́ àti òòyà di ohun tí a ń ṣe ìdánwò lé lórí. Ìkejì ni ìkéde tí Mínísítà fún ètò ẹ̀kọ́, Dókítà Tunji Alausa, ṣe ní ọjọ́ 12 oṣù kọkànlá ọdún kan náà, pé ìjọba ti fagi lé ìlànà èdè tí wọ́n fọwọ́ sí ní ọdún 2022, èyí tí ó ní kí á máa fi èdè abínibí kọ́ ọmọ títí dé ìparí kíláàsì kẹfà ní ilé-ìwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀. Gẹ̀ẹ́sì ni kí á máa fi kọ́ wọn láti jẹ́lé-ó-sinmi títí dé yunifásítì.

Ẹni tí ó bá wo ọ̀rọ̀ méjèèjì lóréfèé yóò ní wọn kò bá ara wọn tan. Yóò ní ilé-ìwé girama ni a ti ń ránṣọ, alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ sì ni ọ̀ràn èdè abínibí wà, kí ló wá kàn wọ́n kan ara wọn? Ó kàn wọ́n gidigidi. Ọmọ tí kò gbọ́ orúkọ ohun kan rí láti kékeré kò lè bèèrè ohun náà nígbà tí ó bá dàgbà. Ohun tí ìjọba fi ọwọ́ ọ̀tún gbé wọlé, ọwọ́ òsì ti tú ìdí rẹ̀.

Àríyànjiyàn kan a máa jẹ yọ nígbàkígbà tí wọ́n bá dá ọ̀rọ̀ yìí sílẹ̀ nínú ọgbà kọ́lẹ́ẹ̀jì. Wọ́n á ní ọ̀ràn aṣọ ti di ti gbogbo ayé. Wọ́n á ní Gẹ̀ẹ́sì ni máṣíìnì ń gbọ́, àbí ta ni yóò pe sípì ní nǹkan mìíràn? Ó yẹ kí á gbà fún wọn níbi tí wọ́n ti jàre. Sípì, kọ́là, bọ́tìnnì, gbogbo ìwọ̀nyí ti di Yorùbá lẹ́nu télọ̀, kò sì sí aburú níbẹ̀. Èdè tí kò bá yá ọ̀rọ̀ lò kì í dàgbà. Ṣùgbọ́n ọ̀tọ̀ ni yíyá, ọ̀tọ̀ ni sísọnù. Ẹni tí ó yá aṣọ aládùúgbò wọ̀, tí ó wá kó tirẹ̀ dà sí ààtàn, ta ni yóò sọ pé aṣọ rẹ̀ pọ̀ sí i?

Ẹ wo akẹ́kọ̀ọ́ aṣọ rírán tí ó wọ́pọ̀ ní Abuja lónìí. Kí á pè é ní Lágbájá, nítorí kì í ṣe ẹnì kan ṣoṣo. Ọmọ náà mọ́ tónítóní, ọwọ́ rẹ̀ yá, ojú rẹ̀ sì mọ àwọ̀ tí ó bá àwọ̀ mu. Bí ó bá kọjá lọ, ènìyàn á bojú wẹ̀yìn. Ìdí nìyí tí ọ̀rọ̀ rẹ̀ fi ń dunni. Bí ó bá jẹ́ ọ̀lẹ ni, kò sí ẹni tí yóò fi í ṣe ọ̀rọ̀ sọ. Ìwé ńlá kan wà lọ́wọ́ rẹ̀ tí ó ń lẹ àwòrán iṣẹ́ àṣekágbá rẹ̀ mọ́. Kaba gbọọrọ wà níbẹ̀ tí ó rí nínú ìwé-ìròyìn òyìnbó, ṣòkòtò ẹlẹ́sẹ̀ gbàgàdà wà níbẹ̀, àti ẹ̀wù aláìlápá. Ní ojú ewé kan, ó lẹ àjákù aṣọ aláró mọ́ ọn, ó sì fi Gẹ̀ẹ́sì kọ ọ́ sí abẹ́ rẹ̀ pé aṣọ tí a dì tí a sì rẹ ni.

Kò sí ẹni tí ó di aṣọ náà, kò sì sí ẹni tí ó rẹ ẹ́. Ẹ̀rọ ni ó tẹ àwòrán àdìrẹ sí i lára ní òkè òkun, ọkọ̀ ojú omi ni ó gbé e wá kí ó tó dé orí àtẹ ní ọjà Wuse. Kò ṣòro láti mọ̀. Aró gidi a máa wọ inú òwú lọ tojú tẹ̀yìn, ti ẹ̀rọ a sì máa dúró sí ojú kan. Lágbájá kò yí ẹ̀yìn aṣọ náà padà wò. Olùkọ́ tí ó fún un ní máàkì kò yí i padà bákan náà.

Bẹ́ẹ̀ orúkọ aṣọ yìí fúnra rẹ̀ ni ẹ̀kọ́ àkọ́kọ́. A dì í, a rẹ ẹ́: àdìrẹ. Ẹni tí ó gbọ́ Yorùbá ti mọ bí wọ́n ṣe ń ṣe é kí ó tó fọwọ́ kàn án. Bí ó bá jẹ́ ìko ni wọ́n fi so ó, oníko ni. Bí wọ́n bá fi abẹ́rẹ́ àti òwú fún ibi tí wọn kò fẹ́ kí aró dé, alábẹ́rẹ́ ni. Bí ó bá sì jẹ́ ẹ̀kọ láfún ni wọ́n fi ya àwòrán sí i, ẹlẹ́kọ ni. Àwọn ìyá Ìbàdàn a máa fi ìyẹ́ adìẹ ya tiwọn. Ní Abẹ́òkúta, wọ́n a máa gbé páànù tí a ti gé ní àwòrán lé aṣọ, kí wọ́n tó fi ẹ̀kọ ra á. Èyí tí wọ́n ń pè ní Ìbàdàndùn, òpó gbọ̀ngàn Màpó ni ó wà lára rẹ̀, pẹ̀lú ṣíbí láàárín òpó sí òpó. Olóba ni èyí tí wọ́n ṣe nígbà tí Ọba George Karùn-ún ti ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì pé ọdún 25 lórí oyè ní 1935. Sún-bẹ̀bẹ̀ sì wà, tí orúkọ rẹ̀ ń sọ nípa bí obìnrin ṣe ń sún ìlẹ̀kẹ̀ ìdí rẹ̀. (Ẹni tí ó bá ní àwọn ìyá àgbà kò mọ àwàdà, kí ó lọ gbọ́ orúkọ aṣọ wọn.)

Aró nìkan tó kọ́ fún odidi sáà kan. Ewé èlú ni wọ́n ń gún, tí wọ́n ń ṣù, tí wọ́n ń sá sóòrùn. Omi eérú tí wọ́n sẹ́ ni wọ́n ń dà lé e nínú ìkòkò, wọ́n á sì fi í sílẹ̀ fún ọjọ́ mélòó kan títí yóò fi kan. Nígbà tí aṣọ bá kọ́kọ́ jáde, ó a máa dà bí àwọ̀ ewé. Afẹ́fẹ́ ni ó ń sọ ọ́ di aláró lójú ẹni. Níbo ni olùkọ́ kẹ́mísìrì ti fẹ́ rí ẹ̀kọ́ tí ó dùn ún wò jù èyí lọ nípa ohun tí afẹ́fẹ́ ń ṣe sí nǹkan? Ẹ̀ẹ̀mẹta, ẹ̀ẹ̀mẹrin, bí aláró bá ṣe fẹ́ kí ó dú tó ni yóò ṣe rì í tó.

Gbogbo èyí kò sí nínú ìwé Lágbájá, kò sì lè sí níbẹ̀, nítorí ìyá aláró tí ó lè kọ́ ọ kò gbọ́ Gẹ̀ẹ́sì, Gẹ̀ẹ́sì nìkan sì ni wọ́n fi kọ́ Lágbájá láti bèèrè ọ̀rọ̀. Àwọn àgbà ní bí ọmọdé bá ní aṣọ tó àgbà, kò lè ní àkísà tó àgbà. Àpótí Lágbájá kún fún aṣọ. Àkísà ni ó wà lọ́wọ́ ìyá náà, ìyẹn ohun tí ọwọ́ rẹ̀ ti bàjẹ́ tí ó sì ti tún ṣe láti ọdún pípẹ́. Èdè ni afárá tí ó wà láàárín àwọn méjèèjì, afárá yìí ni wọ́n sì wó.

Bí ẹnikẹ́ni bá rò pé ọ̀rọ̀ àtijọ́ ni èyí, tí kò lè gbé ọmọ dé ibi kankan, kí ó wo àwọn tí ayé mọ̀ nínú iṣẹ́ yìí. Ọdún 1953 ni Shade Thomas-Fahm lọ sí Lọ́ńdọ̀nù pé òun ń lọ kọ́ṣẹ́ nọ́ọ̀sì. Aṣọ ni ó padà kọ́, ní ilé-ẹ̀kọ́ St Martin's. Nígbà tí ó padà dé sí Èkó ní 1960, kò jókòó ti kaba òyìnbó. Ìró àti bùbá ni ó fi sípì sí kí obìnrin tí ń kánjú lè tètè wọ̀ ọ́; gèlè ni ó wé sílẹ̀ kí ẹni tí kò mọ gèlè wé lè dé e bí fìlà; agbádá ọkùnrin ni ó sọ di ti obìnrin. Ní ọdún 2022, ilé ìṣúra Victoria and Albert ní Lọ́ńdọ̀nù pàtẹ iṣẹ́ rẹ̀ níbi tí wọ́n ti ń fi aṣọ ilẹ̀ Áfíríkà han ayé. Ohun tí Lọ́ńdọ̀nù fẹ́ rí lọ́wọ́ rẹ̀ kì í ṣe ohun tí Lọ́ńdọ̀nù kọ́ ọ. Nike Davies-Okundaye, ọmọ Ogídì, kọ́ aṣọ híhun àti àdìrẹ lọ́dọ̀ àwọn àgbà ilé rẹ̀. Ó ní ilé ọnà ní Èkó, ó ní ní Òṣogbo, ó sì ní ní Abuja gan-an, níbi tí Lágbájá lè fi ọkọ̀ èrò dé kí ilẹ̀ tó ṣú.

Abuja tilẹ̀ ní ẹ̀rí tirẹ̀, tí kì í ṣe ti Yorùbá. Ladi Kwali, obìnrin Gbagyi, ọ̀dọ̀ àbúrò òbí rẹ̀ obìnrin ni ó ti kọ́ ìkòkò mímọ ní Kwali. Ní 1954 ni ó wọ ilé-ẹ̀kọ́ ìkòkò ní Abuja àtijọ́, tí à ń pè ní Suleja lónìí. Ó kọ́ bí wọ́n ṣe ń fi iná ńlá sun ìkòkò bí ti òyìnbó, ṣùgbọ́n kò fi aláǹgbá àti àkekèé tí àwọn ìyá rẹ̀ ń fín sára ìkòkò sílẹ̀. Àwòrán rẹ̀ ni ó wà lẹ́yìn owó ogún náírà. Ẹ sì jẹ́ mọ̀ pé Sheda, ní àgbègbè Kwali yìí kan náà, ni àjọ NERDC tí ń kọ ìlànà ẹ̀kọ́ fún gbogbo Nàìjíríà fìdí kalẹ̀ sí. Orí ilẹ̀ obìnrin náà ni wọ́n jókòó sí.

Ọ̀ràn ẹwà tún le ju ti aṣọ lọ. Nínú ìwé kan náà, Lágbájá to àwọn ohun ọ̀ṣọ́ tí ó fẹ́ràn jù: ìpara, àtíkè, ìkunra ètè, wíìgì. Kò sí èyí tí orúkọ rẹ̀ rọrùn lẹ́nu ìyá rẹ̀. Irun tirẹ̀ wà lábẹ́ wíìgì, kò rí oòrùn. Ayàwòrán J. D. 'Okhai Ojeikere bẹ̀rẹ̀ sí í fi kámẹ́rà ya irun àwọn obìnrin Nàìjíríà ní ọdún 1968. Kí ó tó kú ní 2014, àwòrán irun tí ó yà ti fẹ́rẹ̀ẹ́ tó ẹgbẹ̀rún. Onílé Gogoro wà nínú wọn, tí wọ́n fi òwú kó ròkè bí ilé alájà. Irun dídì yàtọ̀ sí irun kíkó. Ṣùkú, kòlẹ́sẹ̀, ìpàkọ́-ẹlẹ́dẹ̀, kọjúsọ́kọ, olúkúlùkù ní bí wọ́n ṣe ń pín orí kí wọ́n tó bẹ̀rẹ̀. Akẹ́kọ̀ọ́ ẹwà tí kò mọ ìyàtọ̀ yìí, kí ni wọ́n fẹ́ kọ́ ọ ní sáà mẹ́ta?

Ọṣẹ dúdú ńkọ́? Eérú èèpo kòkó àti àdín ni. Eérú tí ó wà nídìí aró ni ó tún wà nídìí ọṣẹ. Ẹni tí ó mọ ọ̀kan ti ń rìn lọ sí èkejì. Dípò èyí, ohun ìbóra ni ó gba ọjà kan. Àjọ Ìlera Àgbáyé kọ ọ́ ní 2011 pé obìnrin 77 nínú 100 ní Nàìjíríà ni ó ń lò ó. Kí ẹni tí iye náà bá ta létí bọ́ sí ọjà kí ó fi ojú ara rẹ̀ kà. Mẹ́kúrì tí ó wà nínú irú ìpara bẹ́ẹ̀ ń ba kíndìnrín jẹ́. Kì í sì í ṣe pé gbogbo ohun àtijọ́ ni ó dára o. Òjé wà nínú òkúta tí wọ́n ń lọ̀ ṣe tìróò, kò sì yẹ kí á máa fi í sójú ọmọdé mọ́. Olùkọ́ tí ó mọ tìróò ní orúkọ ni yóò lè kìlọ̀ nípa rẹ̀ kí ìyá ọmọ sì gbọ́.

Wọn yóò ní èdè wo ni kí á wá lò ní Abuja, níbi tí ọmọ ogójì nínú kíláàsì kan lè ti ìlú ogún wá. Ìbéèrè gidi nìyẹn, ó sì ní ìdáhùn. Kí olúkúlùkù mú ti ilé rẹ̀ wá. Kí ọmọ Kano sọ nípa kòtò aró Kofar Mata, kí ọmọ Ebira sọ nípa òfì ìyá rẹ̀ ní Okene, kí ọmọ Tiv mú aṣọ funfun-òun-dúdú tiwọn wá, kí ọmọ Ìgbò ṣàlàyé uli tí wọ́n fi ń ya ara. Kíláàsì bẹ́ẹ̀ kò sí ní Paris. Gẹ̀ẹ́sì lè wà láàárín wọn bí alárinà. Alárinà kọ́ ni ìyàwó.

Ẹ̀bi náà kò sì sí lọ́rùn ìjọba nìkan. Ẹ̀ka Yorùbá ní àwọn kọ́lẹ́ẹ̀jì jẹ nínú rẹ̀. Wọ́n ń kọ́ni ní ìjálá, wọ́n ń kọ́ni ní ẹkún ìyàwó àti ìtàn àròsọ, ó dára. Ṣùgbọ́n mélòó nínú wọn ni ó ti mú aláró tàbí onídìrí wọ kíláàsì rí? Àwọn kan tilẹ̀ ń fi ojú tín-ín-rín wo àwọn tí ń kọ́ aṣọ, wọ́n á ní ẹni tí orí rẹ̀ kò gba ìwé ni ó ń lọ ránṣọ. Àwọn yìí kan náà ni wọ́n ń dúró sí ẹnu ọ̀nà télọ̀ ní àṣálẹ́ ọjọ́ Jímọ̀ pẹ̀lú ẹ̀bẹ̀, nítorí òde ọjọ́ kejì.

Kò yẹ kí wọ́n dúró de ìkéde mìíràn láti Abuja. Kò sí òfin tí ó ní kí olùkọ́ Yorùbá má rìn dé ẹ̀ka Ìmọ̀ Ìṣọ̀ṣọ́ Ilé àti Aṣọ. Ní ọjọ́ tí wọ́n bá ń yẹ iṣẹ́ àṣekágbá wò, kí ó fa àga, kí ó jókòó ti àwọn olùyẹ̀wò. Bí Lágbájá bá gbé àdìrẹ síwájú wọn, kí ó yí ẹ̀yìn aṣọ náà padà, kí ó sì bi í ní Yorùbá: oníko ni tàbí ẹlẹ́kọ? Kí ni orúkọ àwòrán ara rẹ̀? Ìyá wo ni ó kọ́ ọ, ẹ̀ẹ̀melòó ni ó sì rì í sínú aró?