Ẹ Béèrè Orúkọ Chip Kí Ẹ Tó Sanwó

Ẹni tó bá gba òpópónà Otigba kọjá ní Ìkẹjà yóò rí adapter Wi-Fi lọ́tùn-ún lósì, lórí tábìlì, nínú páálí, nínú ọ̀rá tí wọ́n so kọ́ ara ògiri. Nǹkan kékeré tí à ń kì bọ ihò USB kọ̀ǹpútà kó lè gba Wi-Fi ni mò ń sọ. Òmíràn kò ju èékánná àtàǹpàkò lọ. Òmíràn ní eriali méjì tó dúró ṣánṣán bí ìwo àgbò. Nọ́ńbà ńláńlá ló kún ara páálí wọn: 600, 1200, 1300. Bí ẹ bá gbé ọ̀kan, ọmọ tó ń tà á yóò ní, "Ẹ̀gbọ́n, ojúlówó lẹ gbé yẹn o, ẹ máa padà wá dúpẹ́." Èmi ò bá a jiyàn. Ohun tí mò ń sọ ni pé nínú gbogbo ọ̀rọ̀ tó wà lára páálí yẹn, èyí tó yẹ kéèyàn tìtorí rẹ̀ sanwó kì í sí níbẹ̀. Orúkọ chip tó wà nínú rẹ̀ ni.

Kì í ṣe fàájì ló ń gbé ọ̀pọ̀ wa dé ìdí adapter. Kọ̀ǹpútà tòkunbọ̀ ni. Laptop tí wọ́n ti lò gbó ní London tàbí Houston là ń rà. Káàdì Wi-Fi inú rẹ̀ ti lè kú kó tó wọ ọkọ̀ ojú omi, bí kò bá sì kú, ó lè jẹ́ ti ayé ijọ́un tí kò mọ̀ ju 2.4GHz lọ. Desktop tí àwọn ọ́fíìsì òkè òkun kó dànù kì í sábà ní Wi-Fi rárá, torí wáyà ni wọ́n fi so ó mọ́ nẹ́tíwọ̀kì níbẹ̀. Ó wá délé wa, kò sí wáyà kankan lára ògiri, MiFi ló wà lórí tábìlì.

Àwọn tó ń tún kọ̀ǹpútà ṣe á gbà yín nímọ̀ràn pé kí ẹ pààrọ̀ káàdì inú dípò kí ẹ ra ti USB. Ìmọ̀ràn gidi ni, mo sì fara mọ́ ọn fún ẹni tí laptop rẹ̀ kò tíì dàgbà jù. Káàdì Intel bí AX200 tàbí AX210 ń lo eriali tí wọ́n ti tẹ́ sí ẹ̀gbẹ́ ojú laptop. Kò yọ síta, ọmọdé ò lè fọwọ́ gbá a ṣẹ́. Ṣùgbọ́n pàkúté wà níbẹ̀ pẹ̀lú. AX201 jọ AX200 débi pé ẹni tí kò fara balẹ̀ yóò ra ọ̀kan fún èkejì, bẹ́ẹ̀ AX201 kì í ṣiṣẹ́ àyàfi pẹ̀lú irú prọ́sẹ́sọ̀ Intel tí wọ́n torí rẹ̀ ṣe é. Àwọn ThinkPad àti HP àtijọ́ kan sì tún wà tí BIOS wọn ti to orúkọ àwọn káàdì tó gbà láti bá ṣiṣẹ́. Ẹ fi àjèjì sí i, kò ní lọ síwájú: ThinkPad yóò kọ àṣìṣe 1802 sójú, ibẹ̀ ló máa dúró sí. Owó káàdì ti lọ, owó iṣẹ́ ọwọ́ náà ti lọ. Ìdí nìyẹn tí ti USB fi rọrùn fún ọ̀pọ̀ ènìyàn.

Ẹ jẹ́ ká wá tú nọ́ńbà yẹn wò. Adapter tí wọ́n pè ní AC1200, 300 ló ń gbà lórí 2.4GHz, 867 lórí 5GHz. Wọ́n ro méjèèjì pọ̀, wọ́n fi díẹ̀ bù sí i kó lè gún, ó di 1200. AC600 náà, 150 àti 433 ni wọ́n pa pọ̀. Mẹ́gábíìtì láàárín ìṣẹ́jú àáyá kan ni gbogbo rẹ̀. Bẹ́ẹ̀ adapter kì í wà lórí ọ̀nà méjèèjì lẹ́ẹ̀kan náà. Ọ̀kan ló máa ń yàn. Kò sí ọjọ́ tí ẹ máa rí 1200 yẹn lò, bó ti wù kó rí. 867 pàápàá, iye tí adapter àti router jọ ṣàdéhùn lé lórí ni. Dátà tó ń kọjá gan-an sábà máa ń wà ní nǹkan bí ìdajì rẹ̀, àgàgà bí ògiri bá wà láàárín. Ẹ tún wo USB tó jẹ́. USB 2.0 kò lè gbà ju 480 lọ, lórí ìwé nìyẹn o. Ẹni tó bá ta AC1200 tó jẹ́ USB 2.0 fún yín ti ta ohun tí ẹnu ọ̀nà rẹ̀ kò lè gbà.

Ti lẹ́tà tó wà níwájú nọ́ńbà náà kò ṣòro. N ni 802.11n tó jáde ní 2009, AC tẹ̀ lé e, AX tẹ̀ lé ìyẹn. Láti 2018 ni Wi-Fi Alliance, ẹgbẹ́ tó ń fún ohun èlò Wi-Fi ní ìwé ẹ̀rí, ti bẹ̀rẹ̀ sí í pè wọ́n ní Wi-Fi 4, 5 àti 6, ó sì dára bẹ́ẹ̀.

Ohun tó ń yà mí lẹ́nu jù ni bí a ṣe ń ro pé adapter ló ń mú dátà wá. Rárá o. Bí MiFi 4G yín bá ń fa mẹ́gábíìtì 15 láti orí òpó, adapter tó wọ́n jù láyé kò lè sọ ọ́ di 16. Ọ̀pọ̀ MiFi tó wà nílé wa ni kò sì mọ̀ ju 2.4GHz lọ. Fún ẹni tó jẹ́ pé irú rẹ̀ nìkan ló ń lò, adapter 150 tàbí 300 tí chip rẹ̀ dára ti tó. Kó fi ìyókù owó ra dátà. Desktop tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ router kò tilẹ̀ nílò adapter kankan, wáyà Ethernet ni kí ẹ fà sí i, kí ẹ gbàgbé ọ̀rọ̀ yòókù tí mò ń sọ níbí.

Àwọn tó yẹ kó ná owó lé 5GHz ni ẹni tí fiber ti wọ ilé rẹ̀, ọ́fíìsì tí wọ́n ti ń fi fáìlì ńláńlá ránṣẹ́ láti yàrá kan sí èkejì, àti ẹni tó ń gbé láàárín èrò. Ti ẹni ìkẹta yìí gba àlàyé díẹ̀. Lórí 2.4GHz, ìkànnì mẹ́ta péré, 1, 6 àti 11, la lè lò pọ̀ tí wọn kò ní gun ara wọn. Ẹ wá wo hostel akẹ́kọ̀ọ́ ní Akoka tàbí Agbówó, tàbí ilé face-me-I-face-you, tí yàrá kọ̀ọ̀kan ní MiFi tàbí hotspot tirẹ̀. Gbogbo wọn ló ń pariwo lórí ìkànnì mẹ́ta. 5GHz kì í la ògiri búlọ́ọ̀kù kọjá dáadáa, ṣùgbọ́n ní irú ibẹ̀ àlàáfíà nìyẹn jẹ́, torí ariwo yàrá kejì náà kò ní ráyè wọlé. Ọ̀pọ̀ foonu Android òde òní ló ń jẹ́ kéèyàn yan 5GHz fún hotspot rẹ̀. Ẹ wo inú settings, ó lè jẹ́ pé ẹ ti ní in látọjọ́ yìí.

Ó wá kù sórí chip, ibi tí ọ̀rọ̀ wà gan-an. Orúkọ tí wọ́n ń kọ sára adapter pọ̀ ju ohun tí èèyàn lè kà tán lọ, àmọ́ àwọn tó ń ṣe chip inú wọn kò pọ̀. Nínú ti USB, Realtek àti MediaTek, tí àwọn méjèèjì wà ní Taiwan, lẹ máa bá pàdé jù. MediaTek gba Ralink mọ́ra ní 2011, ọdún kan náà tí Qualcomm ra Atheros. Ilé iṣẹ́ tí orúkọ rẹ̀ wà lára páálí lè pààrọ̀ chip nígbà tó bá wù ú, kó sì fi orúkọ ọjà sílẹ̀ bó ṣe wà. Àpẹẹrẹ tí àwọn tó mọ̀ nípa iṣẹ́ yìí máa ń tọ́ka sí ni TL-WN722N ti TP-Link. Atheros AR9271 ló wà nínú èyí tó kọ́kọ́ jáde, tí wọ́n ń pè ní v1. Àwọn tó ń lo Linux fẹ́ràn rẹ̀ púpọ̀, torí bí wọ́n bá ti kì í bọ kọ̀ǹpútà ló ń ṣiṣẹ́. Nígbà tí v2 dé, Realtek RTL8188EUS ló ti wà nínú rẹ̀. Orúkọ kan náà, ohun mìíràn pátápátá. Èèyàn gbọ́ ìyìn v1, ó lọ ra v2, ó wá ń bú ẹni tó gbà á nímọ̀ràn.

Èmi ò sọ pé Realtek burú o. RTL8188 máa ń gba 150 lórí 2.4GHz, ẹni tó bá sì tà á bẹ́ẹ̀ kò ṣẹ ẹnikẹ́ni. Ẹ̀ṣẹ̀ ni kéèyàn gbé irú chip yẹn sínú ike, kó so eriali gọgọrọ mọ́ ọn, kó wá kọ 1200 sára páálí. Èmi ò mọ orúkọ mìíràn tí mo lè pe ìyẹn ju jìbìtì lọ.

Bí Linux lẹ bá ń lò, MediaTek ni kí ẹ wá: MT7612U, tàbí MT7921AU bí ẹ bá fẹ́ Wi-Fi 6. Driver ti àkọ́kọ́ ti wà nínú kernel láti 4.19, ti èkejì láti 5.18, ẹ ò ní wá a kiri. Lórí Windows 10 àti 11, RTL8811AU tàbí RTL8812BU kò ní dójú tì yín fún iṣẹ́ ojoojúmọ́.

Báwo lèèyàn á ṣe mọ chip láì fọ́ ike? Ẹ gbé laptop yín dání lọ sọ́jà. Ẹ kì adapter bọ̀ ọ́ níṣojú ọlọ́jà, ẹ ṣí Device Manager, ẹ tẹ orúkọ adapter náà lẹ́ẹ̀mejì, ẹ lọ sí Details, ẹ yan Hardware Ids. Bí ẹ bá rí VID_0BDA, Realtek ni. VID_0E8D, MediaTek ni. VID_148F, Ralink ni. Àwọn ilé iṣẹ́ kan ní nọ́ńbà tiwọn, bíi 2357 ti TP-Link. Nígbà náà, ẹ fi nọ́ńbà yẹn àti PID tó tẹ̀ lé e wá a lórí Google, orúkọ chip yóò jáde. Bí driver bá ti wọlé, ẹ ṣí Command Prompt, ẹ tẹ netsh wlan show drivers. Ìlà kan wà níbẹ̀ tó ń jẹ́ Radio types supported. Ẹ rí i pé ti adapter tuntun lẹ̀ ń kà, kì í ṣe ti káàdì inú laptop. Bó bá parí sí 802.11n, tí kò sí 802.11ac níbẹ̀, irọ́ ni AC tó wà lára páálí. Ọlọ́jà lè bá yín jiyàn, kò lè bá ìlà yẹn jiyàn.

Driver tún ní wàhálà tirẹ̀. CD kékeré kan ló sábà máa ń wà nínú páálí. Ta ló ṣì ní ihò CD lára laptop? Kọ̀ǹpútà nílò íntánẹ́ẹ̀tì kó tó lè wá driver, ó sì nílò driver kó tó lè rí íntánẹ́ẹ̀tì. Foonu ni ọ̀nà àbáyọ: ẹ fi wáyà USB so Android mọ́ kọ̀ǹpútà, ẹ tan USB tethering, íntánẹ́ẹ̀tì dé. Ẹ jẹ́ kí n tún sọ ohun kan tí inú àwọn ọlọ́jà lè má dùn sí. Bí foonu yẹn bá wà lórí Wi-Fi, lára ọ̀pọ̀ Android, Wi-Fi yẹn náà ló máa pín fún kọ̀ǹpútà. Foonu àtijọ́ tí ojú rẹ̀ ti sán nínú dúróà yín lè ṣe iṣẹ́ adapter láì ná kọ́bọ̀.

Adapter tó dára náà lè máa já. Kí ẹ tó sọ pé ó ti bàjẹ́, ẹ padà sí Device Manager, ẹ wá Power Management, kí ẹ yọ àmì kúrò níwájú ìlà tó gba Windows láyè láti máa pa á nítorí àtiṣọ́ iná lò. Ọ̀pọ̀ ìgbà ni ìyẹn nìkan ti parí ìjà. Ìkejì ni USB 3.0. Intel fúnra rẹ̀ tẹ ìwé jáde ní 2012 tó fi hàn pé ariwo tí USB 3.0 ń dá sílẹ̀ máa ń bọ́ sí 2.4GHz. Adapter tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ hard disk USB 3.0 lè má gbọ́ router rẹ̀ dáadáa mọ́. Wáyà USB tó gùn díẹ̀ ló máa gbé e jìnnà síbẹ̀. Lẹ́yìn desktop, níbi tí irin CPU ti dínà fún un, irú wáyà yẹn wúlò ju eriali méjì lọ. Àwọn tí kò ju èékánná lọ yẹn ní tiwọn máa ń gbóná, eriali inú wọn sì kéré; inú yàrá tí router wà ni agbára wọn mọ.

Ti ààbò kò gùn. Láti July 2020 ni Wi-Fi Alliance ti ń béèrè WPA3, ètò ààbò Wi-Fi tó rọ́pò WPA2, lọ́wọ́ ohun tuntun tó bá fẹ́ gba ìwé ẹ̀rí rẹ̀. Adapter tí kò ti gba driver tuntun kankan láti ṣáájú 2017, ọdún tí Mathy Vanhoef tú àṣírí àléébù KRACK tó wà nínú WPA2, kò yẹ kó wà lára kọ̀ǹpútà tí ẹ fi ń fi owó ránṣẹ́.

Ẹ̀yin ọlọ́jà Otigba, àti ẹ̀yin ti Queen Cinema n'Ìbàdàn, ẹ kọ orúkọ chip àti nọ́ńbà version sórí rìsíìtì. Ẹ jẹ́ kí oníbàárà lè dá a padà bí ohun tó bá nínú rẹ̀ bá yàtọ̀ sí ohun tí ẹ kọ. Ẹ̀yin náà lẹ ó fi ìyẹn béèrè ẹ̀tọ́ yín lọ́wọ́ ẹni tó kó o fún yín. Ẹ̀yin tí ẹ ń rà, bí ẹnì kan kò bá jẹ́ kí ẹ kì adapter bọ laptop yín kí ẹ tó sanwó, ẹ gbé e padà sórí tábìlì rẹ̀, kí ẹ kọjá sí ṣọ́ọ̀bù kejì.