Àgọ́ Ló Kẹ́yìn: Ìmọ̀ràn fún Ìdílé tó Fẹ́ Gba Àlejò Sóko

Sún-kẹrẹ-fà-kẹrẹ ọkọ̀ àti ariwo jẹnẹrétọ̀ ti sú ọ̀pọ̀ ará Èkó àti Ìbàdàn. Bí òpin ọ̀sẹ̀ bá dé, wọ́n ń wá ibi tí wọn yóò ti mí. Àwọn kan ń lọ sí Ìkógòsí, níbi tí omi gbígbóná ti ń pàdé omi tútù. Àwọn mìíràn ń gun Òkè Ìdànrè, tàbí kí wọ́n lọ wo omi Olúmirin ní Ẹ̀rìn-Ìjẹ̀ṣà. Ìdílé tó ní oko kòkó tàbí oko ọsàn nítòsí irú ibẹ̀ lè rò ó pé: bí àwa náà bá pa àgọ́ aláràbarà sínú oko, tí a gbé bẹ́ẹ̀dì tó dáa sí i, tí a fa iná sólà sí i, ṣé owó kò ní wọlé?

Owó lè wọlé. Àmọ́ ohun tó ń kọ́kọ́ wọni lójú ni àgọ́ fúnra rẹ̀, torí òun ni fọ́tò rẹ̀ ń dùn ún wò lórí fóònù. Ìmọ̀ràn tèmi ni pé òun gan-an ni kí ẹ rà kẹ́yìn.

Ilẹ̀ ló ṣáájú. Ta ló ni ín? Oko tí bàbá fi sílẹ̀ kì í ṣe ti ọmọ tó ń dáko níbẹ̀ nìkan. Nínú àṣà wa, tí ilé ẹjọ́ náà sì fara mọ́, olórí ẹbí àti àwọn àgbà ẹbí gbọ́dọ̀ fọwọ́ sí i kí ẹnikẹ́ni tó ta ilẹ̀ ẹbí. Òfin Lílo Ilẹ̀ ti ọdún 1978 sì fi ilẹ̀ ìpínlẹ̀ sábẹ́ àkóso gómìnà, ó sì fún ìjọba ìbílẹ̀ lágbára lórí ilẹ̀ ìgbèríko. Ẹ̀gbọ́n tó wà ní Lọ́ńdọ̀nù, tí kò bèèrè ohunkóhun nígbà tí ẹ ń ṣán igbó, lè rántí ìpín rẹ̀ lọ́jọ́ tí ọkọ̀ àwọn olówó bá bẹ̀rẹ̀ sí í wọlé. Ẹ má dúró dọjọ́ náà. Ẹ pe ìpàdé ẹbí, kí ẹ kọ ọ́ sílẹ̀: apá ibo lára oko ni ẹ óò lò, ta ni yóò mú owó wá, ta ni yóò ṣiṣẹ́, báwo ni ẹ óò ṣe pín èrè, kí ni yóò ṣẹlẹ̀ bí ẹnì kan bá kú tàbí tó bá fẹ́ kúrò níbẹ̀. Ẹ jẹ́ kí lọ́yà wò ó. Lẹ́yìn náà, ẹ forúkọ iṣẹ́ náà sílẹ̀ lọ́dọ̀ CAC, àjọ ìjọba tó ń forúkọ iléeṣẹ́ sílẹ̀. Ẹ bèèrè nípa ìwé àṣẹ lọ́dọ̀ ìjọba ìpínlẹ̀ yín pẹ̀lú, torí ilé ẹjọ́ tó ga jù lọ ní Nàìjíríà ti dájọ́ lọ́dún 2013 pé ìpínlẹ̀ ló ni àṣẹ àti máa bójú tó ilé ìtura.

Bí ọ̀rọ̀ ilẹ̀ bá yanjú, ẹ má jẹ́ kí àlejò pa oko yín. Àwọn ará Ítálì ti ń gba àlejò sóko tipẹ́. Wọ́n ṣòfin lórí rẹ̀ lọ́dún 1985, wọ́n sì ṣe òmíràn lọ́dún 2006. Òfin náà ní iṣẹ́ àgbẹ̀ gbọ́dọ̀ jẹ́ olórí iṣẹ́ níbẹ̀. Ọgbọ́n wà níbẹ̀ fún tiwa. Ará ìlú fẹ́ rí bí ẹ ṣe ń fọ́ kòkó, bí ẹ ṣe ń sá a, bí ẹlẹ́mu ṣe ń fi igbà gun ọ̀pẹ. Ó fẹ́ jẹ iyán tí wọ́n gún níṣojú rẹ̀. Bí oṣù kan bá sì lọ láìsí àlejò, kòkó àti ọ̀gẹ̀dẹ̀ ni yóò bọ́ yín. Ẹ ṣáà má fọ́n oògùn apakòkò nígbà tí àlejò bá wà lóko, kí ẹ sì máa ti oògùn náà mọ́lé.

Omi àti ilé ìgbọ̀nsẹ̀ ló kàn. Ará ìlú lè fara da kí fóònù má gbéṣẹ́ dáadáa, kò ní fara da ṣáláńgá tó ń rùn. Kí ṣáláńgá jìnnà sí kànga tó mítà 30, ó kéré tán, kí ó má sì wà lókè ibi tí omi ti ń ṣàn wá síbi kànga.

Ẹ tún ronú ohun tó lè pani lóru. Bí ọyẹ́ bá mú, àlejò lè gbé ààrò èédú wọnú àgọ́ kó lè yá a. Èédú tó ń jó níbi tí atẹ́gùn kò ti ráyè wọlé ń tú afẹ́fẹ́ olóró tí a kò lè rí, tí a kò sì lè gbóòórùn rẹ̀. Oorun ló máa ń fi gbé èèyàn lọ. Bákan náà ni jẹnẹrétọ̀ tó wà nítòsí àgọ́. Ẹ ka méjèèjì léèwọ̀. Ẹ ro àyíká mọ́ kí ejò má ríbi sápamọ́ sí, kí ẹ sì ti mọ ilé ìwòsàn tó ní oògùn oró ejò kó tó di pé ẹ nílò rẹ̀. Oǹdó àti Ẹdó wà lára ìpínlẹ̀ tí ibà Lassa ń yọ lẹ́nu jù, eku ló sì ń gbé e kiri. Oúnjẹ gbọ́dọ̀ máa wà nínú ike tó ní ọmọrí. Àgọ́ aláṣọ, ìjì tó ń ṣáájú òjò lè ká a kúrò nílẹ̀. Nítorí náà, ẹ má fojú kéré ahéré alámọ̀ tí àwọn bàbá wa ń sùn sí lóko: ó tutù lọ́sàn-án ju àgọ́ aláṣọ lọ, inú ilẹ̀ yín sì ni amọ̀ rẹ̀ ti ń wá.

Ẹ kò sì lè dá gba àlejò láìfi tó àdúgbò létí. Ẹ lọ rí baálẹ̀, kí àwọn ọlọ́pàá àti ẹ̀ṣọ́ Amọ̀tẹ́kùn mọ̀ yín. Ẹ sọ fún àlejò pé kó dé kí ilẹ̀ tó ṣú, kí ẹnì kan sì lọ pàdé rẹ̀ lójú títì. Ẹ bèèrè ọjọ́ tí Orò máa ń jáde ní ìlú náà, torí obìnrin kò gbọdọ̀ jáde nígbà yẹn; ẹ má gba owó ẹnikẹ́ni fún irú ọjọ́ bẹ́ẹ̀.

Ó wá ku ìṣirò. Àgọ́ méjì fún òru 30, òru 60 nìyẹn lóṣù, orí rẹ̀ sì ni ọ̀pọ̀ ń gbé owó tí wọ́n fẹ́ yá kà. Ṣùgbọ́n òru Jímọ̀ àti Sátidé ni ará ìlú ń ráyè. Àgọ́ méjì, òru méjì, ọ̀sẹ̀ mẹ́rin: 16 péré. Bí ìdajì bá ṣófo, ó ku 8. Ẹ fi owó òru 8 san owó òṣìṣẹ́, ọṣẹ, gáàsì àti àtúnṣe, kí ẹ wo ohun tó ṣẹ́ kù. Ìyàwó ilé tó ń dáná tó sì ń fọ aṣọ bẹ́ẹ̀dì wà lára òṣìṣẹ́ yẹn. Ẹ kọ owó tirẹ̀ náà sílẹ̀, kí ẹ sì san án. Bí ohun tó kù kò bá lè san gbèsè, ẹ má yá owó náà, pàápàá èyí tí wọ́n ń yáni lórí fóònù.

Kí ẹ tó ra ohunkóhun, ẹ pe ọ̀rẹ́ kan láti ìgboro, tòun taya àtọmọ, kí wọ́n wá sùn lóko lálẹ́ Sátidé kan. Ẹ má gbowó lọ́wọ́ wọn. Láàárọ̀, ẹ ní kí wọ́n sọ òótọ́ láìbojú wẹ̀yìn, kí ẹ sì kọ ọ́ sílẹ̀. Ohun tí wọ́n bá ráhùn lé lórí ni kí ẹ fi owó yín tún ṣe; èyí tí wọn kò dárúkọ, owó rẹ̀ kò tíì yá.