Ohun Tí À Ń Wá Lọ sí Sókótó

Oníṣòwò tó wá aṣọ dé Kútọnu, tó padà wá rí irú rẹ̀ lọ́pọ̀ yanturu ní Gbági, mọ òwe tí àwọn ará ilé yóò pa fún un. Ọmọ tó ń wá ìyàwó ká gbogbo ìlú, tí ọmọlúàbí ń bẹ ní ojúlé kejì, náà ti gbọ́ ọ lẹ́nu ìyá rẹ̀: "Ohun tí à ń wá lọ sí Sókótó, inú àpò ṣòkòtò ló wà."

Ohun tí ọ̀pọ̀ ènìyàn ń rí fà yọ níbẹ̀ ni pé ọ̀nà jíjìn máa ń wù wá, a sì máa ń fojú fo ohun tó wà nítòsí. Òótọ́ ni. Ṣùgbọ́n àwọn tó dá òwe yìí sílẹ̀ kò sọ pé ohun náà wà lórí tábìlì tàbí lójú títì. Inú àpò ni wọ́n ní ó wà. Ohun tó wà nínú àpò sún mọ́ni ju ohun gbogbo lọ, síbẹ̀ ojú kò tó o. Àfi kí ọwọ́ wọ ibẹ̀, kó tú u yẹ́bẹ́yẹ́bẹ́. Ẹ̀kọ́ méjì ló wà nínú òwe kan ṣoṣo: ó wà nítòsí, ó sì ń fẹ́ wíwá. Bí mo bá wo àwọn ohun èlò àrà tí àwọn onímọ̀ ń ṣe jáde láyé òde òní, mo rí i pé ẹ̀kọ́ méjèèjì ni wọ́n fi ń ṣiṣẹ́.

Ẹ wo pẹ́ńsùlù. Ó lé ní irínwó ọdún tí ayé ti ń fi í kọ̀wé. Graphite ni ohun dúdú inú rẹ̀, ọmọ ìyá èédú, ìpele tín-ín-rín lórí ìpele tín-ín-rín. Ìpele wọ̀nyẹn kò di ara wọn mú dáadáa, ìdí nìyẹn tí díẹ̀ fi ń ṣẹ́kù sára ìwé bí a bá ti fà á. Philip Wallace ti ṣírò láti ọdún 1947 bí iná mànàmáná yóò ṣe máa rìn lára ìpele kan ṣoṣo nínú rẹ̀, ṣùgbọ́n ọ̀pọ̀ onímọ̀ gbà pé ohun tó tín-ín-rín tó bẹ́ẹ̀ kò lè dá dúró láéláé, pé yóò ká jọ tàbí kó tú ká.

Ní Yunifásítì Manchester ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, Andre Geim àti Konstantin Novoselov, ọmọ bíbí ilẹ̀ Rọ́ṣíà méjèèjì, ní àṣà kan. Lálẹ́ ọjọ́ Ẹtì, wọn a pa iṣẹ́ òòjọ́ wọn tì, wọn a máa dán ohun tí ẹnikẹ́ni kò rán wọn wò. Ní irú ilé ìwádìí bẹ́ẹ̀, sẹ́lótéèpù lásán ni wọ́n fi ń bó ojú graphite kó lè mọ́ kí iṣẹ́ gidi tó bẹ̀rẹ̀. Wọn a lẹ̀ ẹ́ mọ́ ọn, wọn a fà á ya, wọn a sọ téèpù náà sínú agbọ̀n ìdọ̀tí. Àwọn méjì yìí gbé téèpù ìdọ̀tí náà wò. Wọ́n rí i pé ohun tó lẹ̀ mọ́ ọn tín-ín-rín ju èyí tí àwọn ẹ̀rọ olówó ńlá ń gé lọ. Wọ́n bá ń bó o, wọ́n ń tún un bó, títí ó fi ku ìpele tí kò nípọn ju átọ́ọ̀mù kan lọ.

Wọ́n gbé iṣẹ́ náà jáde lọ́dún 2004, wọ́n sì gba Ẹ̀bùn Nobel ti ìmọ̀ físíìsì ní 2010. Graphene ni orúkọ ohun tí wọ́n rí. Iná mànàmáná ń sáré lára rẹ̀, ooru ń gba ibẹ̀ kọjá kíákíá, ó le ju irin tó nípọn bákan náà lọ ní ìlọ́po-ìlọ́po, bẹ́ẹ̀ ni ojú ń rí òdìkejì rẹ̀ kedere, nítorí pé ìdá 2.3 péré nínú 100 ìmọ́lẹ̀ ló ń dá dúró. Ní ọdún 2018, Huawei fi í sínú fóònù Mate 20 X láti máa gbé ooru kúrò nínú rẹ̀. Lọ́dún kan náà ni ilé iṣẹ́ inov-8 pò ó mọ́ rọ́bà àtẹ́lẹsẹ̀ bàtà eré sísá, kó má baà tètè jẹ. Gbogbo èyí wà nínú pẹ́ńsùlù tí ọmọ ilé ìwé ń jẹ nídìí.

Lẹ́yìn pẹ́ńsùlù, ewé. Wilhelm Barthlott, onímọ̀ nípa ewéko ní ilẹ̀ Jámánì, ń fi ẹ̀rọ tó ń sọ ohun kíkéré di ńlá wo ojú oríṣiríṣi ewé ní nǹkan bí àádọ́ta ọdún sẹ́yìn. Kó tó wo ewé kan, ó ní láti fọ eruku kúrò lára rẹ̀. Ṣùgbọ́n ó ṣàkíyèsí pé àwọn ewé kan wà tí kì í dọ̀tí. Èyí tó mọ́ jù nínú wọn ni ewé lotus, ewéko ojú omi ilẹ̀ Éṣíà tó jọ òṣíbàtà tiwa. Nígbà tó wò ó fínnífínní, ó rí àwọn òkè kéékèèké tí ojú lásán kò lè rí, tí ìda tó tún kéré jù wọ́n lọ bò lórí. Orí ṣóńṣó òkè wọ̀nyẹn ni omi ń jókòó lé, afẹ́fẹ́ sì wà lábẹ́ rẹ̀. Omi kò ríbi lẹ̀ mọ́, ó ń yí gbirigbiri lọ, ó sì ń kó eruku lọ pẹ̀lú ara rẹ̀. Ní 1999, ọ̀dà ilé tí wọ́n fi ọgbọ́n yìí ṣe, Lotusan, bọ́ sójà: òjò ni ó ń bá onílé fọ ògiri.

Ohun tí Barthlott rí, gbogbo ẹni tó dàgbà sí oko Yorùbá ti rí i lójú ewé kókò. Òjò a rọ̀, omi a ṣù róbótó lórí ewé, a máa yí síwá sẹ́yìn, bí ewé bá sì tẹ̀, omi a dà sílẹ̀, ewé a gbẹ bí ẹni pé òjò kò rọ̀. Ọmọdé a já a fi ṣe agbòjò. A rí i, a lò ó, a sì kọjá lọ. Bákan náà ni èèmọ́ tó ń há mọ́ aṣọ wa lójú ọ̀nà oko. Nígbà tí irú rẹ̀ há mọ́ ajá ọdẹ George de Mestral, ẹnjiníà ọmọ ilẹ̀ Switzerland, ní 1941, ó gbé e sábẹ́ awò, ó rí ìwọ̀ kéékèèké tó fi ń di irun mú. Ó lé ní ọdún mẹ́wàá kó tó rí i pé ọ̀rá lè ṣe irú ìwọ̀ bẹ́ẹ̀, kó tó rí ahunṣọ tó lè bá a ṣe é ní Lyon, kó tó gba ìwé ẹ̀tọ́ rẹ̀ ní 1955. Velcro ni. Ó wà lára bàtà ọmọ wa, ó wà lára aṣọ tí nọ́ọ̀sì fi ń wé wa lápá láti wọn ìfúnpá.

Níbí ni mo ti fẹ́ ká ṣọ́ra, nítorí àwọn kan máa ń fi òwe yìí dá ara wọn dúró sójú kan. Wọn a ní kò sídìí láti lọ ibikíbi mọ́, pé ohun gbogbo wà nílé, pé àwọn baba wa ti mọ̀ ọ́n tán. Òwe kò sọ bẹ́ẹ̀. Ẹni tí kò rìnnà, tí kò sì fọwọ́ kan àpò, òun àti ẹni tó lọ Sókótó lásán, ọgbọọgba ni. Barthlott kì bá tí rí òkè orí ewé bí kò bá sí ẹ̀rọ tí àwọn mìíràn ti fi ọ̀pọ̀ ọdún ṣe. Nígbà mìíràn, Sókótó ni a ti ń kọ́ bí a ṣe ń tú àpò wò. Ohun tó burú ni kí a dé ibẹ̀ ká gbàgbé pé a ní àpò.

Wíwá inú àpò sì ń gba sùúrù. Ní Yunifásítì Purdue ní Amẹ́ríkà, Xiulin Ruan àti àwọn akẹ́kọ̀ọ́ rẹ̀ ń wá ọ̀dà tí yóò mú kí ilé tutù láìlo iná. Ohun tí wọ́n yẹ̀ wò lé ní 100. Wọ́n dín in kù sí 10. Wọ́n sì po àwọn tó dára jù nínú wọn ní bíi ọ̀nà 50 ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀. Ohun tó borí níkẹyìn ni barium sulfate, lẹ́búlẹ́bú funfun tí ó ti wà tipẹ́ nínú ìwé dídán àti àtíkè ìṣaralóge. Ọgbọ́n tí wọ́n dá ni pé wọ́n pò ó nípọn, wọ́n sì jẹ́ kí hóró rẹ̀ tóbi jura lọ, kí hóró kọ̀ọ̀kan lè ta apá kan nínú ìtànṣán oòrùn nù. Ní 2021 wọ́n kéde rẹ̀: ìdá 98.1 nínú 100 ìmọ́lẹ̀ oòrùn ni ọ̀dà náà ń dá padà, ohun tí wọ́n kùn ún sí sì ń tutù ju afẹ́fẹ́ àyíká rẹ̀ lọ, kódà lọ́sàn-án gangan. Ẹni tó bá ti sùn lábẹ́ páànù ní oṣù Kẹta, tí iná kò sí, yóò mọ ohun tí irú ọ̀dà bẹ́ẹ̀ lè ṣe fún wa.

Àpẹẹrẹ tó dùn mọ́ mi nínú jù wá láti Nàìjíríà. Mohammed Bah Abba, olùkọ́ kan ní Ìpínlẹ̀ Jìgáwà, jáde láti ìdílé amọ̀kòkò. Ó ń rí bí ẹ̀fọ́ àti tòmátì àwọn àgbẹ̀ ṣe ń bàjẹ́ kí wọ́n tó dé ọjà, ní abúlé tí kò ní iná tí wọn yóò fi tan fìríìjì. Ó gbé ìkòkò kékeré sínú ìkòkò ńlá, ó da iyanrìn tútù sí àárín wọn, ó fi aṣọ tútù bò ó lójú. Bí omi inú iyanrìn ti ń gba ara ìkòkò jáde tó ń gbẹ, ó ń gba ooru inú rẹ̀ lọ. Ẹ̀fọ́ tí kì í ju ọjọ́ kan lọ ń lo ọjọ́ 12. Tòmátì àti ata ń lo ọ̀sẹ̀ mẹ́ta. Ní ọdún 2000, wọ́n fún un ní Ẹ̀bùn Rolex.

Ìyá wa tó ní àmù lẹ́yìn ilẹ̀kùn mọ̀ pé omi inú àmù máa ń tutù. Ọgbọ́n kan náà ni. Ohun tí Bah Abba fi kún un ni ìbéèrè: bí amọ̀ bá lè mú omi tutù, kí ni kò jẹ́ kó mú ẹ̀fọ́ tutù? Ẹ sì kíyè sí i pé afẹ́fẹ́ gbígbẹ ilẹ̀ Hausa ló ràn án lọ́wọ́. Ní etíkun bí Èkó, tí omi pọ̀ nínú afẹ́fẹ́, agbára ìkòkò náà máa ń dín kù. Àpò oníkálukú yàtọ̀. Ohun tó wà nínú tiwọn lè má sí nínú tiwa, ohun tó wà nínú tiwa ẹ̀wẹ̀, àwa ni yóò wá a.

Kí ló wà nínú tiwa? Kò sí orílẹ̀-èdè tó ń kórè ẹ̀gẹ́ tó Nàìjíríà láyé yìí, bẹ́ẹ̀ ọ̀rá ló dí gọ́tà wa pa. Ní erékùṣù Bali ní Indonésíà, Kevin Kumala àti ilé iṣẹ́ rẹ̀, Avani, ń fi ẹ̀gẹ́ ṣe àpò tí ènìyàn fi ń gbé ọjà. Ó ti yọ́ ọ sínú omi gbígbóná rí, ó sì mu ún ní gbangba. Ní oṣù Kìíní ọdún 2024, ìjọba Ìpínlẹ̀ Èkó fòfin de ike funfun fúlẹ́fúlẹ́ tí olóúnjẹ fi ń bu ìrẹsì. Àwọn olóúnjẹ ń wá ohun tí wọn yóò fi rọ́pò rẹ̀, nígbà tí ewé eéran, tí a fi ń pọ́n mọ́ínmọ́ín kí ayé tó mọ ọ̀rá, kún inú igbó. Ní Íńdíà, ẹ̀rọ gbígbóná ni wọ́n fi ń tẹ ewé ọ̀pẹ areca di àwo ìjẹun tí wọ́n ń tà fún gbogbo àgbáyé.

Àdìrẹ ẹlẹ́kọ ńkọ́? Ní Abẹ́òkúta àti Ìbàdàn, aládìrẹ a fi ìyẹ́ adìyẹ ya ẹ̀kọ láfún sára aṣọ kó tó rẹ ẹ́ sínú aró. Ibi tí ẹ̀kọ bá wà, aró kò níí wọlé. Bó bá ha ẹ̀kọ kúrò, àwòrán a yọ. Àwọn tó ń ṣe pátákó tí iná ń gbà nínú rédíò àti fóònù ń bo ìlà tí wọ́n fẹ́ kó ṣẹ́kù lórí bàbà, wọn a rì í sínú kẹ́míkà tó ń jẹ bàbà, ibi tí wọ́n bò nìkan ni yóò kù. Èmi kò sọ pé ọ̀dọ̀ aládìrẹ ni wọ́n ti kọ́ ọ. Mò ń sọ pé ìyá tí a rò pé kò mọ̀wé ti mọ ìpìlẹ̀ iṣẹ́ tí wọ́n fi ń ṣe fóònù ọwọ́ wa, kò sì sí ẹni tó mú ọmọ ẹ̀kọ́ sáyẹ́ǹsì wá jókòó tì í.

Ohun tó yẹ kí a ṣe kò ṣòro láti sọ. Kí yunifásítì wa pe amọ̀kòkò Ìlọrin, aládìrẹ Òṣogbo àti ìyá tó ń ṣe ọṣẹ dúdú wá sí ilé ìwádìí, kí wọ́n sanwó fún wọn bí wọ́n ti ń sanwó fún olùkọ́, kí orúkọ wọn sì wà nínú ìwé ẹ̀tọ́ ohunkóhun tó bá ti ara ìmọ̀ wọn jáde. Kí ìjọba ra ẹ̀rọ tí a fi ń wo ohun kíkéré fún ilé ẹ̀kọ́, nítorí ìmọ̀ kò ní kọjá ibi tí ojú bá mọ. Kí àwa òbí sì jáwọ́ nínú pípa ọmọ tó ń bèèrè "kí ló dé?" lẹ́nu mọ́. Olùkọ́ tó bá ka èyí kò nílò àṣẹ ẹnikẹ́ni láti bẹ̀rẹ̀ lọ́la: kó já ewé kókò kan wá sí kíláàsì, kó da omi sí i, kó má sọ ìdáhùn fún wọn, kó jẹ́ kí wọ́n jiyàn lórí rẹ̀ títí agogo yóò fi lù.