Ẹ Hú Kùkùté Kí Ẹ Tó Gbin Igi

Nígbà tí a bá gé igi ńlá kan lulẹ̀ ní ẹ̀bá títì, ariwo ọjọ́ kan ni. Àwọn tí ó ń dáná igi a ru ẹ̀ka, àwọn oníṣòwò pákó a gbé ìtì lọ, ṣùgbọ́n kùkùté ni ẹnikẹ́ni kì í gbé. Èjìgbò kò yàtọ̀ sí àwọn ìlú Yorùbá yòókù nínú èyí. Kùkùté a jókòó sí ibi tí ẹlẹ́sẹ̀ ìbá gbà, fún ọdún méjì, fún ọdún mẹ́ta, títí àwọn ènìyàn yóò fi máa fi júwe ilé fún àlejò. Lẹ́yìn náà ni ọjọ́ ayẹyẹ igi gbígbìn yóò dé. Àwọn ènìyàn pàtàkì yóò wọ agbádá, ayàwòrán yóò dúró, a ó sì ti ọmọ igi tí kò ga ju orúnkún lọ bọ inú ihò tóóró kan lẹ́gbẹ̀ẹ́ kùkùté náà. Kí ọ̀gbẹlẹ̀ tó parí, ọmọ igi ti kú, kùkùté sì wà níbẹ̀.

Àwa kò lòdì sí igi gbígbìn. Ohun tí a ń sọ ni pé ẹni tí ó bá gba owó láti gé igi ní ìgboro gbọ́dọ̀ hú kùkùté rẹ̀ pẹ̀lú, àti pé kí ẹnikẹ́ni má ṣe gbin òmíràn síbẹ̀ kí èyí tó ṣe.

Ìdí kìíní hàn gbangba. Àwọn arúgbó, àwọn afọ́jú, àwọn ọmọ ilé-ìwé tí ń sáré lọ ní òwúrọ̀, ẹsẹ̀ wọn ni kùkùté ń dúró dè. Gbogbo wa ni a sì mọ̀ pé àwọn ọmọ Èjìgbò tí ń ti Abidjan bọ̀ wá ṣe ọdún nílé kì í sábà dé ní ọ̀sán. Ẹni tí ó ti jókòó sínú ọkọ̀ la ilẹ̀ Ghana, Togo àti Benin kọjá kò yẹ kí ó wá fi ẹsẹ̀ kọ kùkùté ní ẹnu ọ̀nà ilé baba rẹ̀. Bí a bá sì lé ẹlẹ́sẹ̀ kúrò ní ẹ̀bá ọ̀nà, àárín títì ni yóò bọ́ sí, níwájú ọlọ́kadà.

Ìdí kejì fara sin sínú ilẹ̀. Igi mìíràn wà tí a bá gé e, kò kú. Dongóyárò, tí wọ́n mú wọ Borno láti Gold Coast ní ọdún 1928, a máa rú láti ara kùkùté rẹ̀. Bẹ́ẹ̀ ni mẹláínà àti tíìkì. Bí ọmọ igi tuntun bá wà nítòsí irú wọn, àgbà yóò gba omi mọ́ ọn lọ́wọ́. Èyí tí ó bá sì kú pátápátá, jíjẹrà ni yóò máa jẹrà, àrùn a sì lè fi í ṣe ilé. Àwọn tí ń gbin rọ́bà mọ èyí dáadáa: àrùn gbòǹgbò funfun a máa ti ara kùkùté igbó àtijọ́ ràn mọ́ gbòǹgbò rọ́bà tuntun, ohun tí ó sì fà á nìyẹn tí àwọn olóko tí ó gbọ́n fi ń hú kùkùté kí wọ́n tó gbìn.

Iṣẹ́ náà kì í ṣe awo. Kí a kọ́kọ́ bèèrè ibi tí páìpù omi àti wáyà gbà. Kí a gbẹ́ ilẹ̀ yí kùkùté ká títí àwọn gbòǹgbò ẹ̀gbẹ́ yóò fi yọ, kí a fi àáké gé wọn níkọ̀ọ̀kan, kí a sì fi èyí tí ó lọ sí ìsàlẹ̀ tààrà ṣe ìkẹyìn. Nígbà náà ni katakata tó lè fi ṣéènì fà á. Ẹni tí ó bá so ṣéènì mọ́ ọn kí ó tó gé gbòǹgbò, ara rẹ̀ ni ó ń mì. Kí a kó èérún igi kúrò, nítorí bí ó ti ń jẹrà ni yóò máa fa ọ̀rá ilẹ̀. Kí a da ilẹ̀ dúdú àti ìgbẹ́ ẹran tí ó ti jinná sínú ihò náà, kí òjò mélòó kan sì tẹ̀ ẹ́ mọ́lẹ̀ kí a tó gbin nǹkan sí i. Àwọn kan a máa da dísù tàbí ọ́ìlì ẹ́ńjìnnì sí kùkùté kí wọ́n tó sun ún. Ìyẹn burú púpọ̀. Epo náà yóò ba ilẹ̀ jẹ́ fún igi tí ń bọ̀, iná sì lè wọ inú gbòǹgbò, kí ó máa jó lábẹ́ ilẹ̀ fún ọjọ́ pípẹ́ láìsí ẹni tí ó mọ̀.

A mọ̀ pé gbogbo kùkùté kọ́ ni a ń hú. Ibi tí ìdí igi bá jẹ́ ojúbọ, tàbí tí ó wọ abẹ́ ògiri ilé, kí a bi àwọn àgbà àdúgbò, kí a sì gbin tuntun sí ọ̀nà jíjìn díẹ̀.

Ta ni yóò ṣe é? Òfin ìpìlẹ̀ ọdún 1999, nínú Àfikún Kẹrin rẹ̀, fi títì, gọ́tà, ọgbà ìgbafẹ́ àti gbangba ìlú sí abẹ́ ìjọba ìbílẹ̀. Ní ọjọ́ 11 oṣù Keje ọdún 2024, Ilé-ẹjọ́ Gíga Jùlọ pàṣẹ pé kí owó ìjọba ìbílẹ̀ máa bọ́ sí ọwọ́ wọn tààrà. Ṣùgbọ́n ní oṣù Kejì ọdún 2025, ìjà ẹni tí yóò jókòó sí sẹkitéríà ni ó gba gbogbo Ọ̀ṣun kan, ẹ̀mí sì bá a lọ. Nígbà ọdún Òrìṣà Ògìyán, àwọn ará ìlú a máa fi àtòrì na ara wọn, ṣùgbọ́n ìjà náà ní òpin, wọn a sì jọ lọ jẹ iyán. A bẹ àwọn olólùfẹ́ ẹgbẹ́ méjèèjì, kí wọ́n kọ́ tiwọn láti ara ìyẹn. Kùkùté kò mọ ẹgbẹ́ tí ẹni tí ó kọlù ú ń ṣe.

Ẹ̀yin olùkọ́, ẹ̀yin ni a fi ọ̀rọ̀ yìí lé lọ́wọ́ jù. Nígbà tí wọ́n bá ní kí àwọn ọmọ yín wá gbin igi, ẹ kọ́kọ́ béèrè bóyá a ti hú èyí tí ó wà níbẹ̀. Ilé-ẹ̀kọ́ gíga Yunifásítì Ìpínlẹ̀ Ọ̀ṣun tí ó wà ní Èjìgbò, ẹ̀kọ́ iṣẹ́ àgbẹ̀ ni ó ń kọ́ni. Àwọn akẹ́kọ̀ọ́ rẹ̀ lè ka iye kùkùté tí ó wà láti àárín ìlú dé Másífà àti Ọlá, kí wọ́n sì kọ irú igi tí ọ̀kọ̀ọ̀kan jẹ́ sílẹ̀.

Kí ìjọba ìbílẹ̀ fi owó rẹ̀ sínú ètò ìṣúná, kí wọ́n sì di apá kan owó kọngílá mú títí ihò yóò fi dí. Ìgbà ẹ̀ẹ̀rùn ni kí iṣẹ́ náà ti bẹ̀rẹ̀, kí ilẹ̀ lè ti fara mọ́ra nígbà tí òjò bá dé, tí àwọn ọmọ ilé-ìwé yóò sì máa bọ̀ pẹ̀lú ọmọ igi lọ́wọ́.