Ìwé wà nínú irun dídì



Lọ́dọọdún, bí èsì CEP bá ti jáde, àwa olùkọ́ ti mọ ọ̀rọ̀ tí a óò gbọ́ ní Bessé. Òbí ọmọbìnrin tí kò yege á ní: « Orí ẹ̀ kò gba ìwé. Kó lọ kọ́ irun dídì. » Ó máa ń dùn wá. Iṣẹ́ irun kò burú. Ó ń bọ́ ilé, ó sì ń rán ọmọ lọ sí ilé-ìwé. Ohun tó ń dùn wá ni pé wọ́n rò pé iṣẹ́ náà kò nílò ìwé.

Ẹ wo ike défrisant. Soude ló wà nínú púpọ̀ nínú wọn, irú èyí tí àwọn tó ń se ọṣẹ ń lò. Òun ló ń mú irun nà. Bó bá pẹ́ jù lórí, òun náà ló ń bó awọ orí. Bó bá ta sí ojú, ó lè ba ojú jẹ́. Iye ìṣẹ́jú tí yóò lò, ọ̀rá tí a ó kọ́kọ́ fi pa awọ orí àti etí, ọṣẹ tí a ó fi fọ̀ ọ́ kúrò, gbogbo rẹ̀ ni wọ́n kọ sára ike, ní Faransé tàbí ní Gẹ̀ẹ́sì.

Ọmọ kan tó fi kíláàsì wa sílẹ̀ ní CM1 gbé ike bẹ́ẹ̀ wá bá wa nílé. « Maître, ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá mi ka eléyìí. » Ó ti lo ọdún méjì lẹ́nu iṣẹ́. A bi í bí wọ́n ṣe ń mọ ìgbà tó yẹ kí wọ́n fọ̀ ọ́. Ó ní: « Bó bá ti ń ta oníbàárà. » Ṣùgbọ́n ìgbà tó bá ń ta á, ó ti ń jó o nìyẹn. Orí ọlọ́rí kì í ṣe ohun tí a fi ń dán iṣẹ́ wò.

Àṣẹ ìjọba Bénin ti ọdún 2005 dá ìwé-ẹ̀rí méjì sílẹ̀ fún àwọn ọmọ iṣẹ́. CQP wà fún ọmọ tó ti dé CM2, tó sì pé ọdún 14: ọdún 3 ni, ó ń ṣiṣẹ́ lọ́dọ̀ ọ̀gá, ó sì tún ń lọ kẹ́kọ̀ọ́ ní ilé-ẹ̀kọ́ iṣẹ́. CQM wà fún ẹni tó kọ́ṣẹ́ lọ́dọ̀ ọ̀gá nìkan. Iṣẹ́ ọwọ́ rẹ̀ ni wọn yóò yẹ̀ wò.

Ẹ̀yin òbí, a máa ń tọ́jú owó libération, èyí tí àwọn ará Nàìjíríà ń pè ní fíríìdọ́ọ̀mù: aṣọ, oúnjẹ, ohun mímu. Ó dáa, inú wa ń dùn. Ṣùgbọ́n kí ẹ tó san owó ìkọ́ṣẹ́, ẹ bi ọ̀gá léèrè: ṣé ẹ óò jẹ́ kí ọmọ wa ṣe ìdánwò? Ṣé ẹ óò yọ̀ǹda rẹ̀ láti lọ kẹ́kọ̀ọ́?

Àwa olùkọ́ náà jẹ̀bi. Bí ọmọ bá ti kúrò ní kíláàsì, a máa ń pa orúkọ rẹ̀ rẹ́, ó parí. Kò yẹ kó parí bẹ́ẹ̀. Alẹ́ méjì lọ́sẹ̀ tó láti kọ́ àwọn ọmọ onírun bí a ṣe ń ka ara ike. Àwa ti ṣe tán. Ẹ̀yin ọ̀gá, ẹ jẹ́ kí wọ́n wá.