Sólà Háyà: Ẹ Ṣírò Kí Ẹ Tó Fọwọ́ Síwèé

Ẹ̀yin ọmọ wa tí ẹ nílé ní Amẹ́ríkà, bí oníṣòwò bá ní kí ẹ wá háyà sólà láìsan àsansílẹ̀, ẹ kọ́kọ́ mú gègé. Ẹ ro owó háyà pọ̀ mọ́ owó iná ìlú tí yóò ṣẹ́ kù. Ṣé ó dín sí èyí tí ẹ ń san tẹ́lẹ̀? Ẹ tún bèèrè àfikún ọdọọdún. Bí dọ́là 100 lóṣù bá ń fi 2.9 nínú ọgọ́rùn-ún lé lọ́dọọdún, yóò tó dọ́là 172 bí àdéhùn ọdún 20 bá ń parí lọ. Bí owó iná ìlú kò bá gbówó lórí tó bẹ́ẹ̀, èrè lè di gbèsè. Bí ẹ bá sì ta ilé kí ọdún tó pé, bí ẹni tí ó rà á kò bá gba àdéhùn náà, ẹ̀yin ni ẹ ó san ìyókù. Ojú ni alákàn fi ń ṣọ́rí.