Kí Lẹ Fẹ́ Mú Bọ̀ Láti Ìlú Ọba?

Olùkọ́ Ibo Road, ní Sabon Gari Kánò, tó fẹ́ lọ wo bí wọ́n ṣe ń kọ́ ọmọ tó ní autism tàbí dyslexia ní Ìlú Ọba kò ṣe ohun tó burú. Ohun tó fẹ́ mú bọ̀ ni mò ń bèèrè. Lọ́hùn-ún, òfin kan tí wọ́n ṣe fún England ní 2014 ní kí ìjọba ìbílẹ̀ kọ ètò ìrànlọ́wọ́ sílẹ̀ fún ọmọ tí àìní rẹ̀ bá pọ̀. Ẹ óò sọ pé owó ló ń ṣe irú ètò bẹ́ẹ̀, pé kíláàsì tiwa kún fọ́fọ́. Òótọ́ ni, àwọn òbí ibẹ̀ pàápàá máa ń bá ìjọba fà á kí wọ́n tó rí ètò náà gbà. Ṣùgbọ́n télọ̀ Sabon Gari tí kò ní ẹ̀rọ ńlá ṣì ń wọn oníbàárà kó tó gé aṣọ. Bákan náà, kíkọ ohun tó ń dí ọmọ lọ́wọ́ sílẹ̀ kò gba dọ́là. Láti 1977 ni kọ́lẹ́jì ìjọba àpapọ̀ ní Ọ̀yọ́ ti ń kọ́ olùkọ́ ẹ̀kọ́ àkànṣe, Yunifásítì Bayero sì ń kọ́ wọn ní Kánò níbí. Ta ló ti lọ wo tiwọn?